Ohùn Tó Gba Ojú Fèrèsé Wọlé

Òórùn tùràrí kì í tètè kúrò lára aṣọ. Bí mo bá ṣí àpótí tí mo kó àwọn sùtánà mi àtijọ́ sí, òórùn náà ni yóò kọ́kọ́ kí mi, òun àti òórùn àbẹ́là tó ti jó tán, àti ti lọ́fínńdà tí àwọn ìyá ìjọ máa ń wọ́n sílẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí inú mi máa dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ orin, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún bàbá mi. Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà nínú òórùn náà tí kò tíì gbó. Mo ti fọ àwọn sùtánà yẹn, mo ti sá wọn sóòrùn, mo tún ti fọ̀ wọ́n, ìbínú náà kò bá omi lọ. Ìwọ tí o máa ń sọ pé mo ti di ẹni tí inú ń tètè bí, jókòó, jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ fún ọ.

Àgbọ̀wọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, níbi tí ariwo kì í ti í dá. Ní apá ọ̀tún wa, àwọn tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ wọn bú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní apá òsì, obìnrin kan ń din àkàrà tí òórùn rẹ̀ ti ba àwẹ̀ ọ̀pọ̀ alàgbà jẹ́. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà, mo ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà, ìjọ sì fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó dàgbà nínú wọn ti ń sún mọ́ ogún ọdún. Bí olùṣọ́ ìjọ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí ìwà tó yẹ ọmọbìnrin, kí wọ́n tó ka ẹsẹ Bíbélì kejì, àwọn ọmọ ti ń tòògbé. N kò lè bá wọn wí, nítorí èmi náà ń tòògbé. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọn á máa kọ ọ́ títí dé ìdí ẹ̀rọ omi.

Ni mo bá ní kí n gba ojú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Ìwà kan, orin kan. Èmi fúnra mi ni mo ń hun orin náà, nígbà mìíràn nídìí aṣọ fífọ̀, nígbà mìíràn nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Dùgbẹ̀, tí awakọ̀ á máa wò mí nínú dígí rẹ̀ bóyá orí mi pé. Oṣù méjì méjì la fi ń lo orin kọ̀ọ̀kan. A kọ ti sùúrù, a kọ ti ìmoore. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọrin, a máa jókòó sórí ẹní, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì sọ ohun tí orin náà mú un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé orin Ọlọ́run tí kò bá mú ọ ṣe nǹkan kan, ariwo lásán lo fi ń pa. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ti òótọ́ ni ẹ̀kẹta. Kò gùn rárá. Ẹni tó ń lé orin á ní, “Òótọ́ ni n ó sọ níwájú Rẹ, Olúwa,” àwọn yòókù á gbè é pé, “Bó le, bó rọ̀, òótọ́ ni n ó sọ.” Ọmọ tó ń lé e fún wa jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ kan lẹ́bàá ọjà Bódìjà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló mú un wá sí ìjọ wa. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi dárà. Ó ṣe gbọnrangandan, ó máa ń lọ tààrà síbi tó ń lọ. Nígbà tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ orin òótọ́ náà, ó wá ní Sátidé kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní áyọ́ọ̀nù òun jó léèsì oníbàárà kan, ọ̀gá wọn sì ti ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọṣẹ́ mìíràn, ni òun bá jẹ́wọ́. Ọ̀gá fi í sórí ìkúnlẹ̀, ó sì ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. “Àǹtí, orin yín yìí fẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ o,” ló sọ fún mi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo ní bí a ṣe ń kọrin nìyẹn. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kúnlẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja tí àwọn apẹja bá kó wálé. Mùsùlùmí ni ìyá náà, ọmọ ìdílé àtijọ́ nínú ìlú Ìbàdàn, wọn kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ inú ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé wọn. Wọn kò bá ọmọ náà jà pé ó ń bá wa jọ́sìn, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ náà sọ fún mi pé láti nǹkan bí ọdún kan, ojú ìyá àgbà ti ń ṣú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹja tó ti jinná. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí wọ́n wá gbọ́ òun lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lè mọ ohun tí òun ń wá lọ sí Àgbọ̀wọ́ ní gbogbo Sátidé. Nígbà tí a gbọ́ pé àgbà olùṣọ́ láti olú ìjọ yóò wá ṣe àjọ̀dún pẹ̀lú wa, tí wọ́n sì fi orin àwọn ọmọ mi sínú ètò ìsìn, ó bẹ ìyá àgbà. Lẹ́yìn tó ti bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní àwọn á wá.

O kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, nítorí náà jẹ́ kí n la nǹkan kan yé ọ. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ inú tẹ́ńpìlì. Yóò dúró sílé títí ọjọ́ méje á fi pé, wọn á gbàdúrà fún un, á sì padà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, n kò sì fi ṣe ìjà rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè. Obìnrin kọ̀ọ̀kan mọ ara rẹ̀. Bí a kò bá rí arábìnrin kan lọ́jọ́ ìsinmi, a kì í bi í léèrè pé ibo lo wà, torí àwa náà mọ ibi tí a máa ń wà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, ọ̀wọ̀ tí a ní fún ara wa lórí ọ̀rọ̀ náà kò yẹ̀ rí, àfi ọjọ́ àjọ̀dún yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo wà lẹ́yìn ilé, nídìí tánkì omi, mo ń tún fìlà ṣe lórí àwọn ọmọ. Ọmọ tó ń lé orin wá fà mí láṣọ, ó mú mi lọ sẹ́yìn tánkì.

“Àǹtí, ó ti dé.”

“Kí ló dé?”

Ó wo ilẹ̀. Ó ní kò yẹ kó dé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, inú ọkọ̀ láti Ṣàngó ni òun ti fura, òun sì ti mú ìyá àgbà wọlé jókòó kí òun tó lọ yẹ ara òun wò níta. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fún ẹlòmíràn ní orin náà lé.

N ó sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn fún ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wá. N kò rántí Ọlọ́run, n kò sì rántí ọmọ náà. Ìwé ètò ìsìn tí wọ́n tẹ̀ ni mo rántí, tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ orin. Mo rántí àgbà olùṣọ́ àti gbogbo àwọn àlejò tó bá wọn wá. Mo mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́jọ tó kù tó lè lé orin náà kí ó má fọ́ sí i lẹ́nu.

“Pa ẹnu mọ́,” mo sọ fún un. “Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé ara rẹ mọ́.”

“Àǹtí?”

“Ṣé o gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́, mà.”

Ó ṣì ń wò mí nígbà tí mo yí padà lọ tún fìlà ẹlòmíràn ṣe. Oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọ pé òótọ́ ni kó sọ. N kò lò tó ìṣẹ́jú méjì láti fi kọ́ ọ ní irọ́.

A tò lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni olórí àwọn ìyá ìjọ dúró sí, tó na ọwọ́ dí ọ̀nà mọ́ wa. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfi “wọn” sí i, má bá mi wí, ìbínú ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún wa lójoojúmọ́, èyí tó sì ń dá kún ìbínú mi nìyẹn, torí pé ẹni burúkú rọrùn láti bínú sí. Àlejò wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn onílù dúró, àwọn ọ̀dọ́kùnrin akọrin láti ìjọ mìíràn fara ti ògiri, wọ́n ń wò wá. Ìyá náà kò rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àlejò ńlá la ní lónìí. N ò ní jẹ́ kí ẹnì kan ba ọjọ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwọ, ṣé ara rẹ mọ́?”

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kọ́kọ́ bi. Ọmọ náà wo àwọn ọkùnrin tó wà lára ògiri, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, “Ó mọ́, mà.” Ó bi ìkejì. Ó bi ìkẹta. Bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bi wọ́n lọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lé orin, tó wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

“Kò mọ́, mà,” ni ọmọ náà wí. “Òwúrọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀.”

Onílù kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ìjọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó mú olè. “O sì wọ aṣọ funfun wá síbí! Bọ́ sẹ́yìn, kíá.” Ó tú àmùrè búlúù tó wà ní ìbàdí ọmọ náà, ó ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bu omi àdúrà wá, kí wọ́n wọ́n ọn síbi tó dúró sí. Wọ́n wọ́n ọn lóòótọ́, lójú mi. O lè máa rò pé èmi dà. Mo wà níbẹ̀. Mo jìnnà sí i níwọ̀n ibi tí apá mi lè dé. Mo dúró ṣinṣin, mo mú ìwé ètò ìsìn dání.

Nígbà tó ń kọjá lára mi, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sí mi létí, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. “Àǹtí, ẹ má bínú. N ò lè kọ ọ́ lẹ́yìn irọ́.”

A wọlé. Ìyá àgbà rẹ̀ jókòó sórí àga lọ́wọ́ iwájú, ìbòrí wọn funfun, ó sì bá aṣọ gbogbo wa mu, bí ẹni pé wọ́n ti ń bá wa bọ̀ tipẹ́. Wọ́n ń na ọrùn. Mo mọ̀ pé ojú wọn kò lè ka àwọn ọmọ náà, pé ohùn ni wọ́n ń retí. Ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù lu ìbẹ̀rẹ̀ orin. Mo ti pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó lé e. Mo gbé màìkì sẹ́nu, mo la ẹnu, mo ní, “Òótọ́,” ìyókù sì kọ̀ fún mi. N kò sunkún o, má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Ó kàn kọ̀ ni. Ọkùnrin dùùrù wò mí, ó tún ìbẹ̀rẹ̀ náà lù. Mo tún la ẹnu. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Àgbà olùṣọ́ yí ara padà lórí àga wọn. Àwọn ọmọ mẹ́jọ náà ń wo ẹnu mi, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀, gbogbo wọn.

Ìgbà náà ni ohùn náà gba ojú fèrèsé wọlé, fèrèsé tó wà lápá ọ̀tún pẹpẹ, tí kọ́tìnnì funfun bò. “Òótọ́ ni n ó sọ níwájú Rẹ, Olúwa.” Kò ní màìkì, jẹnẹrétọ̀ àwọn atẹ̀wé sì ń bú lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó dé gbogbo igun ilé náà. Àwọn ọmọ mi kò dúró de ọwọ́ mi. Wọ́n gbè é. Ó tún lé e láti ìta, wọ́n tún gbè é láti inú. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n kọrin bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí mo kọ́ wọn kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀, mo kàn dúró láàárín wọn ni.

Aríran kan wà nínú ìjọ wa, bàbá arúgbó tí ẹ̀mí máa ń gbé. Bàbá fò dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. “Mo gbọ́ wọn! Mo gbọ́ wọn! Áńgẹ́lì ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń lé orin lójú fèrèsé!” Ilé náà gba iná. Halelúyà ń lù síhìn-ín, ó ń lù sọ́hùn-ún, aago ń dún, àwọn ènìyàn ń dojú bolẹ̀, àgbà olùṣọ́ gbé ọ̀pá wọn sókè. Mo wo olórí àwọn ìyá. Òun náà wò mí. Ó mọ ohùn yẹn. Sátidé kọ̀ọ̀kan ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ, òun ló sì tú àmùrè ìbàdí ẹni tó ni ín ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú. Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, “Halelúyà!” Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi. N kò tíì rí èyí tó bí mi nínú tó ọwọ́ méjì yẹn.

Láàárín gbogbo ariwo náà, ẹnì kan ṣoṣo ló dìde tí kò pariwo. Ìyá àgbà ń fi ọwọ́ tọ ẹ̀yìn àga, wọ́n ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ìjókòó dì wọ́n mú.

“Màmá, ẹ jókòó, ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Ọmọ mi ló ń kọrin níta.”

“Áńgẹ́lì ni, mà.”

“Ọmọ mi ni,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fa apá wọn yọ. Nínú gbogbo àwa tí a wọ funfun lọ́jọ́ náà, tí a ń gbààwẹ̀, tí a ń ríran, Mùsùlùmí tí kò ríran dáadáa ló mọ ẹni tó wà lójú fèrèsé. Màìkì sì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ni ì bá ná mi. N kò sọ ọ́. Mo tẹrí ba, àgbà olùṣọ́ gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi pé mo ti fi orin fa ọ̀run sílẹ̀. Mo ṣe àmín sí i.

Nígbà tí mo ráyè jáde, mo bá wọn nídìí tánkì omi. Ìyá àgbà ti bọ́ ìró òkè wọn, wọ́n ti ró o mọ́ ọmọ náà ní ìbàdí, òórùn èéfín ẹja sì ti bo òórùn tùràrí lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn.

“Ìwọ ni olùkọ́ orin?” ni wọ́n bi mí.

“Èmi ni, mà.”

“Lọ́dọ̀ tiwa náà, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn, n ò bá yín jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti dáyé, ẹnì kan ò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kó máa bi mí lójú ọkùnrin.” Wọ́n tún ìró náà so le. “Ó sọ pé o wà níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀, mà.”

“Ó dáa.”

Wọn kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ọmọ náà mú ọwọ́ wọn, wọ́n rọra rìn jáde lọ sí títì láti wọ ọkọ̀ Ṣàngó, èmi sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí yanrìn fi ń ta mí lórúnkún.

Kàkà kí ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń sanra ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àjọ̀dún yẹn ní àjọ̀dún tí áńgẹ́lì bá wa kọrin. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ìjọ. Obìnrin kan jẹ́rìí pé láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ríro ti fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, méjì nínú àwọn ọmọ mi wá bá mi nílé ní Bódìjà, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n ń fọwọ́ ra ọwọ́. Àwọn náà ń ṣe nǹkan oṣù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù àwọn ọkùnrin ara ògiri ló bà wọ́n, wọ́n sì parọ́. Èyí àbúrò bi mí bóyá Ọlọ́run ń bínú sí òun. Mo ní bí Ọlọ́run bá ń bínú, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àbí o kò rí i? Àwọn tó parọ́ wọlé, wọ́n dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n gba ìbùkún. Ẹni tó sọ òótọ́ ni wọ́n fi omi fọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nù kúrò nílẹ̀. Àwa tí a ṣe bẹ́ẹ̀ la ń kọrin òótọ́.

Mo lọ bá olórí àwọn ìyá. Ó ní ìjọ ti rí ìbùkún gbà, kí n má tú u ká. Mo lọ bá olùṣọ́. Wọ́n ní, “Arábìnrin, má da agbo rú.” Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí, mo tò sẹ́yìn obìnrin tó fẹ́ dúpẹ́ ọmọ tuntun, mo sì gba màìkì. Mo ní áńgẹ́lì tí ẹ gbọ́ yẹn, ọmọ Ẹlẹ́yẹlé ni, iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́, ẹ̀yin lẹ lé e síta, èmi ni mo sì kọ́kọ́ sọ fún un pé kó parọ́ kó lè wọlé. Kí n tó dé ibi irọ́ náà, wọ́n ti pa màìkì. Mo sọ ọ́ títí dópin ṣá. Àwọn tó wà ní ìjókòó iwájú gbọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ẹ̀mí ló ń gbé mi, wọ́n ń ṣe Halelúyà. Láìsí màìkì, ohùn mi kò dé ẹ̀yìn ilé. Tirẹ̀ dé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ní kí n lọ sinmi díẹ̀ kúrò nípò olórí ẹgbẹ́. Ìsinmi náà kò tíì tán títí di òní.

Ẹlẹ́yẹlé ni mo wá lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí èéfín ẹja ń gba ojú omi lọ. Mo tún kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà, àti ti ẹ̀yìn tánkì pẹ̀lú, èyí tí ọmọ náà kò sọ fún wọn. Wọ́n yí ẹja lórí iná fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní kí n dìde, kí èéfín má bàa bà mí lójú jẹ́ bíi tiwọn. Ọmọ náà kò kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, orin yẹn dáa. Ẹ má tìtorí ìyẹn pa á tì.”

N kò pa á tì. Pálọ̀ mi ní Bódìjà la ti ń pàdé báyìí ní ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin, àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn àti àwọn mìíràn tí wọ́n mú wá. Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé náà ti gba òmìnira níṣẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ṣàngó, ó sì máa ń dé pẹ̀lú okùn tépù lọ́rùn. Wọ́n ṣì ń sọ ohun tí orin mú wọn ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, èmi náà sì ń sọ tèmi, torí pé wọ́n ní ó kàn mí. Ṣùgbọ́n bí a bá dé orí orin òótọ́, òun ló ń lé e. Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò gbà. Ègbè ni tèmi, àárín àwọn tó ń gbè é ni mo máa ń dúró sí.

Ìbínú náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan sọ pé kí n gbàdúrà kí Ọlọ́run bá mi gbé e kúrò. N kò tíì gba àdúrà náà, n kò sì ní in lọ́kàn láti gbà á. Tí mo bá ṣí àpótí, tí òórùn tùràrí bá kí mi, mo tún máa ń rí ẹnu ọ̀nà yẹn, omi tí wọ́n wọ́n sílẹ̀, ọmọ tí kò ní àmùrè ní ìbàdí, àti obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó mú ìwé ètò ìsìn dání, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà.